Òkú Mẹ́ta tí Mo Kà sí Ilé Àṣàkẹ́

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wẹ ìkókó àti abiyamọ. Láti Ẹgbẹ́dá títí dé àwọn abà tó wà lẹ́yìn Lálúpọn, bí obìnrin bá bímọ, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. N ó gbé omi kaná, n ó fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, n ó sì fún ọmú rẹ̀ kí wàrà má baà dì sínú rẹ̀. Ìyá Olómigbóná ni wọ́n ń pè mí. Obìnrin tí ọwọ́ mi kò tíì kan ọmú rẹ̀ ní agbègbè yìí kò pọ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, ẹnu iṣẹ́ náà ni mo wà. Obìnrin kan bí ọmọ rẹ̀ kẹta. Mo ń fún ọmú òsì rẹ̀ nígbà tí ìka mi kan nǹkan kan lápá òkè, níhà abíyá. Ó le bí ekùrọ́. Mo tì í, kò yẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá.

Ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá iná ń wò wá. Ó dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọmú òsì tirẹ̀. Lápá òkè, níhà abíyá. Tirẹ̀ ti tó ẹyin adìẹ, awọ orí rẹ̀ sì ti rí bí ara adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bí ti ìyá tó bí mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ yẹn náà ni.”

Mo já òwú, mo fi wọn bí ti abiyamọ náà ṣe tóbi tó, mo ta á ní kókó. Mo já òmíràn, mo fi wọn ti ìyá rẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Olómigbóná, ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún un ni?”

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń rò ni pé, bí imú ṣe ń jọ imú, tí ìrìn ń jọ ìrìn, ṣé bí èyí náà ṣe ń lọ láti ara ìyá sí ara ọmọ nìyí? Kí ló tún kù tí ìyá ń fún ọmọ tí ojú wa kò rí?

Màmá náà kú kí ọdún tó yí po. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún kẹta. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà náà, n kò gbádùn mọ́. Mo mọ ìwé kọ díẹ̀, nítorí mo gbé ọdún méjì ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà kan nínú ìjọ, òun ló sì kọ́ mi. Mo ra tákàdá, mo gán an pọ̀, mo ra tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé lọ́wọ́ àlùfáà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Gbogbo obìnrin tí mo bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú pa, n ó wá ìtàn rẹ̀ dé ìdí. Ọmú wo ni? Apá ibo lára ọmú náà? Ọmọ mélòó ló bí? Ṣé ó ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀, àbí kò tíì ṣíwọ́? Òjò mélòó ló rọ̀ lé e lórí kó tó kú? Bí ó bá wà láàyè, n ó fi òwú wọ̀n ọ́n, n ó so òwú náà mọ́ etí ewé tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Àwọn obìnrin a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá yọjú sí ìsọ̀ elépo, ọ̀kan a ní, “Ẹ bo àyà yín o, akọ̀wé ọmú ti dé.” N ó rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, inú mi ń dùn sí i. Ta ni nínú wọn tó mọ ohun tí mo mọ̀?

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń pín wọn nínú ìwé náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Agbo ilé ni mo fi ń pín wọn. Ewé kan fún agbo ilé kan. Ibi tí obìnrin bá kú sí, tí wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Ṣé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn? A kì í ní ìyàwó ilé lágbájá kú, kí a tún béèrè ilé tí wọ́n ti gbé e wá. Ó ti di ti ilé ọkọ. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ewé tó kún jù nínú ìwé mi ni ti agbo ilé kan ní abà Olókùúta. Obìnrin mẹ́ta ló wà lórí ewé kan ṣoṣo. Adùnní àti Àjíkẹ́, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ọkùnrin méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ilé náà, àti Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí Adùnní bí, tó ṣàìsàn ní ilé ọkọ tí wọ́n sì gbé padà wá sílé láti kú. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ ilé náà. Mo ní ilé tí jẹjẹrẹ ọmú ti ń ṣàn bí omi odò nìyí.

Ilé náà ni ilé Àṣàkẹ́, ọmọge kan tí kò tíì relé ọkọ.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí Ìjàyè fọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùmíní, ará Lálúpọn, fẹ́ fẹ́ Àṣàkẹ́. Ìdílé rẹ̀ ti gbé iṣu, obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ lọ. Ìwádìí ló kù, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwádìí, ẹnu olùwẹ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń wá a, nítorí kò sí yàrá tí a kì í wọ̀. Ìyá Mùmíní fúnra rẹ̀ ló tọ̀ mí wá. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ dàgbà ni.

Ó ní, “Ìwọ Olómigbóná, ọmọ ilé Olókùúta yẹn, ṣé wárápá kò sí nílé wọn?”

Mo ní kò sí.

“Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Wèrè?”

“Àfi bàbá wọn tó máa ń bá ewúrẹ́ ṣe àríyànjiyàn.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó ti ń gbá ìdí aṣọ rẹ̀ pé òun ń lọ. Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Kò bi mí ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá ń yún mi lẹ́nu?

Mo ní, “Ẹ̀yin ń béèrè wárápá. Kí ló dé tí ẹ kì í béèrè ọmú?”

Mo bá gbé ìwé jáde. Mo ṣí ewé ilé Olókùúta, mo ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, mo fi òwú Àbẹ̀kẹ́ hàn án. Ó jókòó padà. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àgbà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìwò yẹn dùn mọ́ mi. Òtítọ́ tó ń tì mí lójú jù nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba Mùmíní sílẹ̀, n kò sì bá Àṣàkẹ́ ní ìjà kankan. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan rí i pé mo mọ nǹkan ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin méjì gbé iṣu, obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ padà lọ sí Olókùúta ní ọ̀sán gangan. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá Àṣàkẹ́. Ṣùgbọ́n ní odò, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní ṣé kò mọ̀ pé ilé ọlọ́mú-jíjẹrà ni wọ́n ń pe ilé wọn ní Lálúpọn? Wọ́n ní inú ìwé ni wọ́n ti kà á.

Àṣàkẹ́ wá bá mi. Mo ti ń retí èébú. Mo ti to èsì sílẹ̀ lẹ́nu. Kò bú mi rárá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọ yàrá, ó tú ìró rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ti wà níbẹ̀?”

Ọmọ tí kò tíì fún ẹnikẹ́ni lọ́mú rí. Mo fọwọ́ kan ti òsì, mo fọwọ́ kan ti ọ̀tún, mo yẹ abẹ́ abíyá méjèèjì wò. Kò sí nǹkan kan.

Mo ní, “Kò sí nǹkan, ọmọ mi.”

Ó ní, “Ẹ óò kọ ìyẹn náà sínú ìwé?”

Mo ní n ó kọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ óò sì kà á fún Ìyá Mùmíní bí ẹ ṣe ka èyí tó kù?”

Ó ró ìró rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. “Ìyá, nǹkan kan wà tí kò yé mi. Ìyá wa Adùnní kò bí mi. Kò bí bàbá mi, kò sì bí ìyá mi. Ìyàwó ilé wa ni, ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá wa Àjíkẹ́. Ọ̀nà wo ló gbà tí àìsàn wọn fi dé ara tèmi?”

Ọmọ tí kò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí B ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé láti ọdún mọ́kànlá, n kò bi ara mi rí.

Nítorí èmi fúnra mi ló ti sọ ọ́, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé láti ara ìyá sí ara ọmọ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, kí ni odi agbo ilé fẹ́ ṣe nínú rẹ̀? Ìyàwó mẹ́wàá lè wà ní agbo ilé kan, kí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ńkọ́? Wọ́n ti fọ́n ká sí ilé ọkọ, oníkálukú ti kú sórí ewé ọ̀tọ̀. Gbogbo ìwé mi, láti ewé kìíní dé ewé ìkẹyìn, òdì ni mo pín in.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Olókùúta. Ìyá àgbà Àṣàkẹ́ ni ìyáálé ilé náà, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Adùnní àti Àjíkẹ́ wọlé. Ó ń ran òwú lábẹ́ igi. Ó rí mi, ó ní, “Ta ló tún kú tí o wá wọ̀n?”

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ìyẹn pa òun lẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́, mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè tipẹ́: Adùnní àti Àjíkẹ́, ta ló bí wọn?

Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ogun ló lé wọn wá láti ìlú wọn lókè Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọmọge ni wọ́n nígbà náà. Ó ní wọn a máa sọ pé bàbá àwọn máa ń gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àbúrò kan, ọkùnrin, tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú igbó ní ọjọ́ tí ìlú fọ́. Àkànní ló ń jẹ́. Iná ti jó o lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní kékeré, ìka kékeré méjì sì lẹ̀ mọ́ra. Títí Adùnní fi kú, bí àlejò ọkùnrin bá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Àkànní ni orúkọ bàbá mi. Mo ti wẹ ẹsẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà.

Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi ń fi ìko ran okùn. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ nípa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró.

“Níbo?”

“Olókùúta, Bàbá.”

“Olókùúta tí mo ti máa ń ra èbù iṣu?” Kò wò mí. “Ẹnu ọ̀nà wọn níbẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti sinmi. Wọn a máa bu omi fún mi. N kì í bọ́ bàtà.”

Lẹ́yìn náà, ó béèrè ohun tó pa wọ́n. Mo sọ ọ́. Mo sọ apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó, nítorí mo mọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “O ti mọ ohun tó pa wọ́n kí o tó mọ̀ pé tèmi ni wọ́n.”

Ó padà sí orí okùn rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Òkú mẹ́ta tí mo kà sí ilé Àṣàkẹ́, kò sí ọ̀kan tó kan Àṣàkẹ́ nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá bàbá mi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo ń yẹ ìdílé ara mi wò, ilé ìyá mi nìkan ni mo yẹ̀ wò, mo sì ní ọpẹ́ ni, kò sí. N kò bi bàbá mi ní nǹkan kan. Mo ní kí ni ọkùnrin mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmú?

Mo lọ sí Lálúpọn. Kì í ṣe Ìyá Mùmíní nìkan ni mo ní kí ó gbọ́, mo ní kí ó pe gbogbo ẹni tó sọ ọ́ fún. Obìnrin bíi mẹ́rìnlá ló péjọ, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ọ̀kan ní, “Àbí ó ti tún rí ẹni tí eyín máa pa?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, mo wá ro gbogbo ohun tí mo rò fún yín yìí.

Ìyá Mùmíní ní, “Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ilé tìrẹ ló wà?”

Mo ní, “Ilé tèmi ló wà.”

Kò sẹ́ni tó bó ẹ̀gúsí mọ́. Obìnrin kan tí mo wẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fa àbíkẹ́yìn rẹ̀ mọ́ra. “Ṣé ọwọ́ yìí lo fi ń wẹ ọmọ wa? Kì í ràn?” Mo ní kì í ràn, mo ti fọwọ́ kan iye tí mo kàn láti ọdún mọ́kànlá, àwọn ọmọ tí mo sì wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wà láàyè, wọ́n ń sáré kiri níwájú wọn. Àwọn kan gbà. Ilé mẹ́fà ni kò ránṣẹ́ pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà. N kò bá wọn wí. Èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń bẹ̀rù ilé onílé.

Ìyá Mùmíní kò ṣe agídí. Ó tún ní kí wọ́n gbé iṣu, obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ lọ. Bàbá Àṣàkẹ́ fẹ́ gbà á. Àṣàkẹ́ ló kọ̀.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní Mùmíní kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ó ní, “Ìyá, bí mo bá dé ọ̀hún tí orí fọ́ mi lọ́jọ́ kan, ilé ta ni wọ́n máa kà á sí?”

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe fún un. Ó ní bí mo ṣe fi ìwé ba òun jẹ́, kí n fi ìwé tún un ṣe. Kí n kọ orúkọ òun sí i gbangba, kí n kọ pé irọ́ ni. Ìdí tí ẹ fi ń ka èyí nìyẹn. Àṣàkẹ́ ọmọ Olókùúta, kò sí jẹjẹrẹ ọmú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni mọ̀, níhà ti bàbá tàbí níhà ti ìyá. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ má ṣe fi agbo ilé ka àìsàn tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ béèrè ìyá tó bí ìyá yín, kí ẹ sì béèrè ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá yín lóbìnrin, ní ibikíbi tí wọ́n bá ti lọ ilé ọkọ. Ọkùnrin lè gbé e láìmọ̀, kí ó sì fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń gbà á: mo ti rí ìyá tó ní in tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rin darúgbó láìní in, mo sì ti rí ẹni tó ní in tí a kò rí ẹlòmíràn nínú ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa ara ẹnì kan, òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ̀.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ṣé ẹ ti ka ìdílé yín, níhà méjèèjì? Ẹni tó bá mọ ìwé, kí ó kọ ọ́ sí mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó dá mi dúró lọ́nà ọjà, kí a lọ sí ìkọ̀kọ̀. N kò ní kọ orúkọ sílẹ̀ mọ́. Àmì lásán ni mo ń kọ.

Mo ti tú ìwé náà, mo sì ń tún un pín bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pín in. Ewé tèmi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́jọ ló dàgbà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá bàbá mi: Adùnní, Àjíkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ méjì tí Àjíkẹ́ bí, èmi, àti àwọn àbúrò mi méjì. Mẹ́ta ti kú. Márùn-ún ló kù. Títí di ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ mi ti kan ọmú àwọn márààrún, tèmi pẹ̀lú wọn. Mẹ́rin kò ní nǹkan kan. Ọ̀kan ní in, ọmú òsì, lápá òkè, ó tó hóró ẹ̀wà kan. Òun àti èmi nìkan la mọ ẹni tí ó jẹ́.